Ọ́ìlì Tí Kì Í Tán

Èmi ni mo ń pọ́n eyín ṣéènì ẹ̀rọ agégi fún ọkọ mi. Òun ló ń fi ẹ̀rọ gé igi, èmi ni mo ń jókòó sẹ́yìn ilé pẹ̀lú fáìlì irin, tí mo ń pọ́n eyín ṣéènì náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mú. Ẹni tó bá ń fọwọ́ kan nǹkan lójoojúmọ́ á mọ̀ bí ara nǹkan ọ̀hún ò bá yá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i pé ṣéènì wa ń dúdú bí irin tí wọ́n tì bọ iná, àti pé pẹlẹbẹ irin gígùn tí ṣéènì ń sáré yí ká ti ń jẹ létí. Mo sọ fún un. Mo tún sọ. Ó ní igi àsìkò yìí ló le.

Mi ò fẹ́ràn kí n máa sọ̀rọ̀ gidi kí ẹnì kan máa rẹ́rìn-ín sí mi. Ọkọ mi sì rèé, ẹ̀rín ni oògùn rẹ̀ fún gbogbo nǹkan.

Kòtán ni àwọn agégi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ẹ̀rọ tiwọn, bí wọ́n bá da bẹntiróò sí ojú ihò kan, wọ́n á da ọ́ìlì tí ṣéènì ń mu sí ìkejì, méjèèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tán. Tọkọ mi yàtọ̀. Bẹntiróò á tán, ọ́ìlì á ṣì wà níbẹ̀. Ọ́ìlì ọ̀hún pàápàá, kì í rà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹkáníìkì ló ń fún un ní kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú dà nù lára ọkọ̀ tó ti lò ó gbó. Á fi àkísà sẹ́ ẹ, á ní ó ti mọ́. Bó bá rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ra ọ́ìlì ṣéènì gidi, èyí tó ń fà bí oyin, á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ wọn ń jò.

Ìwà ìyá rẹ̀ ló jọ. Màmá, ìyá ọkọ mi, ń gbé yàrá tó kángun lẹ́yìn ilé wa, ó sì ní kẹ́ẹ̀gì òróró kan tó ń fi èédú fa ìlà sí lára. Bó bá ti bu òróró tán, á fa ìlà síbi tí òróró dúró dé, kó lè mọ̀ bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án. Ta tún ni ẹlòmíràn nínú ilé yẹn bí kì í bá ṣe èmi? Àpà ló sọ mí, kò sì fi pa mọ́. "Àpà, ṣé o jí dáadáa?" Èmi náà á kúnlẹ̀, màá ní mo jí dáadáa, inú á sì máa bí mi títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kì í ṣe irú kíkó lọ tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìjì jà yìí ni mo ní lọ́kàn.

Ìjì náà bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, tí a rò pé ó ti fẹ́ rọlẹ̀, a gbọ́ nǹkan kan tó ya gbàà lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ sì mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. A sáré jáde sínú òjò. Igi ńlá ẹ̀yìnkùlé ti fa gbòǹgbò yọ, ó ti dùbúlẹ̀ lé yàrá Màmá.

Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó pariwo, "Ìyá mi!" ó sì fi èjìká gbá ilẹ̀kùn wọlé.

Inú yàrá náà mọ́lẹ̀ kedere, torí kò sí òrùlé mọ́. Ìtì igi fúnra rẹ̀ gbé ara lé orí ògiri ẹ̀yìn. Ẹ̀ka rẹ̀ kan, tó tóbi tó itan géńdé ọkùnrin, gba àárín páànù wọlé, ó sì tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀. Màmá ti yí bọ́ sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún há sábẹ́ igi bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ka wà lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo igi yòókù sì wà lórí ẹ̀ka.

"Màmá, ṣé ẹ wà láàyè?" mo bi í.

"Òkú kì í dáhùn," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹsẹ̀ mi ni. Ẹ̀yin ẹ máa wò mí níran."

Nígbà náà ni mo gbójú sókè, tí mo rí ògiri. Ó ti sán láti ojú fèrèsé títí dé ìsàlẹ̀, eruku sì ń dà nínú ojú ibi tó sán náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Ògiri yẹn nìkan ló gbé igi dúró. Bó bá yẹ̀, igi á wá sílẹ̀, Màmá ló sì wà nílẹ̀.

Mẹkáníìkì, ẹni tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, sáré gbé jáàkì wá. Ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yí i díẹ̀. Ògiri dún. Ojú ibi tó sán tẹ́lẹ̀ tún fẹ̀ sí i. Ó tú jáàkì sílẹ̀ kíá.

"Kò ṣeé gbé," ó ní. "Tí a bá gbé e, ògiri á ya."

"À á gé ẹ̀ka," ọkọ mi wí. "Àfi ká gé ẹ̀ka kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí á fa Màmá jáde." Kò sí ẹni tí a lè dúró dè. Igi mìíràn ti wó dí ojú ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, mọ́tò kankan ò lè wọlé, kò sì lè jáde. Àwọn ọkùnrin méjèèjì gbé òpó kan ti abẹ́ igi láti ìta kó lè ran ògiri lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ọkọ mi lọ gbé ẹ̀rọ.

Ó tan án, ó dún. Ó gbé e lé ẹ̀ka lókè orí ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ìyẹ̀fun igi kọ́kọ́ ń tú jáde dáadáa. Kò pẹ́, ohùn ẹ̀rọ yí padà, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti ojú ibi tó ń gé. Kò tíì wọ inú igi dé ìdá mẹ́ta nígbà tí ṣéènì dúró gbọnin, ẹ̀rọ sì há sínú igi. Ọkọ mi fà á. Ó tún fà á. Nígbà tó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀ka mì, igi mì, odindi ègé kan já bọ́ lára ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Màmá.

Màmá ò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù, torí mo mọ̀ ọ́n mọ ariwo.

Mẹkáníìkì fi òòlù gbá igi pẹlẹbẹ kan sẹ́nu ojú ibi tí wọ́n gé, ó là á díẹ̀, ẹ̀rọ sì bọ́. Ọkọ mi gbé e sọ́wọ́, ó kọjú sí mi. "Ṣé o tiẹ̀ pọ́n ṣéènì yìí rárá?"

Mo ti fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ àná pọ́n ọn. Mo fọwọ́ kan pẹlẹbẹ irin, ó jó mi lọ́wọ́. Mo gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí ojú bẹntiróò, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ṣí ojú ọ́ìlì. Ó kún dẹ́nu.

"Ọ́ìlì rẹ ńkọ́?" mo ní. "Ìwọ ni mò ń bi. Ọ́ìlì rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, ṣebí o rí i."

Ohùn Màmá jáde láti ilẹ̀. "Mo gbọ́ ọ o, Àpà. O ń sọ 'ìwọ' sí ọkọ rẹ lójú mi."

"Ẹ má bínú, Màmá. Tí ẹ bá jáde, màá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì."

"Tí mo bá jáde," ó ní.

Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ọkọ mi sọ ọ́. "Ẹ wò ó. Bẹntiróò ń tán, ọ́ìlì ò yẹ̀ rárá. Bí kò bá tán, a jẹ́ pé kò lọ síbì kankan. Ṣéènì ò rí i mu. Ní gbígbẹ ló ń sáré."

"Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ọ́ìlì tèmi kì í tán."

"Ẹ tan án sí ògiri."

Gbogbo agégi ló mọ ohun tí mo ń sọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á na ẹnu ẹ̀rọ sí ojú igi tàbí ògiri tó mọ́, wọ́n á tan án, ṣéènì á sì ta ọ́ìlì síbẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìlà bá hàn, ó ń mu nìyẹn. Ọkọ mi ti pa àṣà yẹn tì láti ọdún mélòó kan. Ó ní ọ́ìlì tí èèyàn ta sí ògiri, ó ti ṣòfò.

Ògiri tó kọjú sí ilẹ̀kùn Màmá funfun báláú. Ọkọ mi na ẹnu ẹ̀rọ sí i, ó tan án. Ṣéènì ń sáré, ẹ̀rọ ń ké, àwa mẹ́ta ń wo ògiri. Ó funfun bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọkọ mi pa ẹ̀rọ, kò sì gbé ojú kúrò lára ògiri náà. Gbogbo ọdún tó fi ń yangàn, ihò ọ́ìlì ló ti ń dí, kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ló dí i, òun sì rò pé òun mọ nǹkan ṣọ́.

Mo ti bú ẹni tó mọ̀ pé òun ti ṣe àṣìṣe rí. Lọ́jọ́ náà, kò ṣe mí bí ẹni kí n bú u.

Ó tú pẹlẹbẹ irin. Ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà jáde kún fún ẹrẹ̀ dúdú tó dápọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú irin. Mo fa ọwọ̀ kan yọ lára ìgbálẹ̀ Màmá, mo fi gún un títí ó fi là, mo sì ha ojú ipa tí ṣéènì ń gbà. Ọkọ mi ti da ọ́ìlì dúdú inú ẹ̀rọ nù sínú òjò. Mẹkáníìkì dìde. "Mo ní kọ̀ndẹ́ẹ̀mù mìíràn nílé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára ọkọ̀ lánàá."

"Tó bá tún dí láàárín iṣẹ́ ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé ògiri yẹn á tún dúró dè wá ká wá fi ọwọ̀ gún ihò? Àti pé ohun tó bá fò lára ṣéènì, orí Màmá ló ń bọ́ sí. Ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bó wà níbẹ̀."

"Ọ́ìlì tuntun wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti dí. Kí n tó fẹsẹ̀ rìn lọ kí n tó bọ̀..." Ó wo ògiri.

"Òróró," mo ní.

Ọkọ mi wò mí bí ẹni tó gbọ́ èèmọ̀. "Òróró oúnjẹ? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò fi òróró sí ẹ̀rọ rí. Ó ṣàn jù. Á fò lára ṣéènì kó tó dé orí irin. Tó bá sì gbẹ, á lẹ̀ mọ́ gbogbo inú ẹ̀rọ bí àtè."

Òótọ́ ló sọ. Mi ò jiyàn. "Tó bá lẹ̀ lọ́la, màá fọ̀ ọ́ lọ́la. Ẹ ṣí ojú tó ń pín ọ́ìlì sílẹ̀ pátápátá, kó máa ṣàn. Tó bá tán, à á tún dà á. A ò ṣọ́ òróró lò lónìí."

Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ wà lára ìyá rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, tó bá tún há lẹ́ẹ̀kejì, kò sí òmíràn. Eruku tún dà lára ògiri.

"Òróró wo?" Màmá ló béèrè. "Òróró ta ni ẹ fẹ́ lò?"

"Tiyín ni, Màmá," mo ní. "Kò sí òmíràn nínú ilé."

"Èyí tí mo sàmì sí?"

"Òun ni."

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ìwọ̀n wo lẹ máa bù nínú rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀," ó tún un sọ. "Ẹ̀rọ ni ẹ fẹ́ dà á sí, kó máa ta á sínú afẹ́fẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Àpà," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó wà lẹ́yìn ìkòkò omi. Ẹ má jẹ́ kó dànù kó tó dé inú ẹ̀rọ."

Mo sáré lọ gbé e. Kẹ́ẹ̀gì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ìlà èédú sì wà níbi tí òróró dúró dé, kò sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà lọ́nà kankan. Ọkọ mi dà á sí ẹ̀rọ, ó na ẹnu ẹ̀rọ sí ògiri funfun, ó tan án. Ìlà kan fà lára ògiri, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Mẹkáníìkì mí kanlẹ̀. Ọkọ mi nu ojú rẹ̀ nù.

Mo gbé agbada irin ńlá láti ilé ìdáná, mo rá wọ ẹ̀gbẹ́ Màmá, mo fi bo orí àwa méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì í mú kó lè fà á nígbà tí ẹsẹ̀ bá tú, èmi ni mo sì kéré jù nínú wa. Ibẹ̀ rùn fún omi òjò àti eruku àti ara àgbà obìnrin, mo sì rí i lójijì pé mi ò fẹ́ kó kú. Mo fẹ́ kó yè, kó máa bú mi.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ̀fun igi ń rọ̀ lé agbada, òróró ń kán tó, tó, tó lé e lórí. Ó ń kán sí mi lápá, ó ń kán sí Màmá lẹ́sẹ̀. Mẹkáníìkì ń gbá igi pẹlẹbẹ wọlé kí ojú ibi tí wọ́n gé má baà tún pa dé. Mo ń fetí sí ohùn ẹ̀rọ, mo ń dúró de igbe tó ké lẹ́ẹ̀kan. Kò ké. Ó ń lọ. Màmá di ọwọ́ mi mú, ó fún un tó bẹ́ẹ̀ tí ìka mi fi kú.

Lójijì gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Mo rò pé ó ti há. Mo gbé agbada díẹ̀, mo gbójú sókè. Ẹ̀ka ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ó kù díẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí igi tó fẹ́ dá. Ọkọ mi ti gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ṣí ojú bẹntiróò. Ó ti tán. Ó ṣí ojú ọ́ìlì. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ó tán," ó ní, bí ẹni tí wọ́n jí. "Ìyàwó mi, ó tán."

"Ẹ dà á sí i," mo ní. "Ẹ dà á sí i, ẹ yára."

Ó da bẹntiróò. Mẹkáníìkì yí kẹ́ẹ̀gì délẹ̀, ó da òróró tó kù sínú ẹ̀rọ títí kò fi ku ẹ̀kán kan. Ògiri dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ mi fa okùn, ẹ̀rọ ò dáhùn. Ó tún fà á. Mo gbọ́ tí Màmá ń pe orúkọ Ọlọ́run lábẹ́ ẹnu. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rọ tàn, ó sì tì í bọ inú igi.

Ẹ̀ka já. Bẹ́ẹ̀dì gbéra sókè ní ìka méjì, mo sì fa Màmá pẹ̀lú gbogbo agbára tí mo ní. Òróró ti kún ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yọ̀ jáde bí ọṣẹ. Ọkọ mi ju ẹ̀rọ sílẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ lábíyá, Mẹkáníìkì fa èmi. A kò tíì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí òpó ìta yẹ̀, tí ògiri tẹ̀ lé e, tí igi náà sì wọlé pátápátá. Bẹ́ẹ̀dì di pẹlẹbẹ. Àyè tí èmi àti Màmá dùbúlẹ̀ sí kò sí mọ́.

A jókòó sínú ẹrẹ̀. Òjò ń pa wá, òróró ò jẹ́ kí omi dúró sí wa lára. Ọkọ mi ń sunkún, kò fi pa mọ́. Màmá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wú, ó wo ilé, ó wò mí.

"Ṣé ó kù?" ó bi mí.

"Kò kù, Màmá. Kò ku ẹ̀kán kan."

Ó mi orí. "Ó dáa," ó ní.

Ẹsẹ̀ náà san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tiro. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, ọkọ mi ra ọ́ìlì ṣéènì tó ń fà bí oyin. Mo fọ òróró kúrò nínú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣèlérí, ó sì gba ọjọ́ méjì, torí ó lẹ̀ lóòótọ́. Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń na ẹnu ẹ̀rọ sí ògiri ẹ̀yìn ilé wa báyìí, ìlà ọ́ìlì ti kún ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Mi ò lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mi ò sì fẹ́ fọ̀ ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń pè é ní Kòtán, ṣùgbọ́n òun kì í rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Mo kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì "ìwọ" tí mo sọ. Màmá ní òun ti gbàgbé. Irọ́ ni, kì í gbàgbé nǹkan kan.

Yàrá wa ni ó ń sùn báyìí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lè rìn dé ọjà, ó ra kẹ́ẹ̀gì òróró tuntun, ó sì gbé e fún mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Àpà," ó ní, "gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ á ti máa tó o."

Mo dúró kó lọ. Mo yí kẹ́ẹ̀gì náà po nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo wo gbogbo ara rẹ̀. Bó ṣe rí lọ́jọ́ náà ló ṣe rí títí ó fi tán. Kò fa ìlà kankan sí i.